Bí eegun ẹni mímọ́ bá jẹ́ ayédèrú, ṣé àdúrà tí a gbà níwájú rẹ̀ ṣòfò?

Ọmọ Ìlódè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ń dá wàhálà sílẹ̀ nílé wa, mo ní kí n gbé e wá síbí kí àgbà bá wa dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìjọ Àgùdà ni. Ẹnì kan tó ti Róòmù dé mú ohun kan wá fún un. Ó rí róbótó, kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Idẹ ni wọ́n fi ṣe é, gíláàsì bo ojú rẹ̀, aṣọ pupa wà nínú, èérún eegun kan lẹ̀ mọ́ àárín aṣọ náà, wọ́n sì kọ orúkọ ẹni mímọ́ sábẹ́ rẹ̀ wínníwínní ní èdè Látìn. Orí tábìlì tó ti ń ka Rosari ló gbé e sí. Ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní yunifásítì wálé, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Mọ́mì, irú èyí kún orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á. Ta ló mọ̀ bóyá eegun adìyẹ ni?"

Ilé dàrú. Ìyá ní ọmọ òun ti sọ̀rọ̀ òdì. Ọmọ ní ìbéèrè lòun bi. Èmi wá fi tèmi kún un, mo ní orí Olókun tiwa náà, wọ́n ti pè é ní ayédèrú rí, Ifẹ̀ ò sì torí ẹ̀ tú. Ni ìyá àti ọmọ bá kọjú sí mi!

Ẹ bá mi wò ó. Bí wọ́n bá já a pé eegun náà kì í ṣe ti ẹni mímọ́ yẹn, kí ló ṣẹ́ kù nínú gbogbo àdúrà tí ẹ̀gbọ́n mi ti gbà níwájú rẹ̀?

Kò Tíì Dá Mi Lójú

Adìyẹ ni jàre. Ọmọ yẹn gbọ́n.

Ìyá Ẹlẹ́kọ Lágere

Ìwọ Kò Tíì Dá Mi Lójú, o ò tíì rí eegun náà o ti mọ ẹran tó ni ín. Ẹ jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àgbà Mọ̀ọ̀rè

Ọmọ Ìlódè, o káre. Jẹ́ kí n to ìtàn orí Olókun yẹn kó gún, torí ààbọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń sọ.

Ní 1910, òyìnbó ará Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ifẹ̀ níbí. Igbó Olókun ni wọ́n ti fi orí idẹ kan hàn án. Inú ilẹ̀ ni orí náà máa ń wà. Bí ètùtù bá tó, wọn a hú u jáde, wọn a ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọn a sì dá a padà sínú ilẹ̀. Frobenius sanwó, ó fẹ́ gbé e lọ. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣèjọba nígbà náà gbọ́, wọ́n ní kó dá a padà. Ó dá orí kan padà lóòótọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1948 orí náà dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó mọ iṣẹ́ idẹ dídà yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n kọ ọ́ jáde pé inú iyanrìn ni wọ́n ti da èyí, pé àwọn baba wa kì í dà á bẹ́ẹ̀, ìda ni wọ́n fi ń mọ ọ́n kí wọ́n tó da idẹ sí i. Nítorí náà, ẹ̀dà ni, ojúlówó ti sọnù. Ohun tí wọ́n fi kọ́ èmi nílé ìwé nìyẹn. Ó di nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní 2010, kí àwọn onímọ̀ mìíràn tó tún un yẹ̀ wò, tí wọ́n wá ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó náà gan-an. Àwọn kan ò tíì gbà títí di òní.

Ní gbogbo ọdún tí Lọ́ńdọ̀nù fi ń jiyàn yẹn, mi ò gbọ́ pé olùbọ Olókun kan ní kí ètùtù dúró kí lẹ́tà fi dé.

Kò Tíì Dá Mi Lójú

Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ ti fi ẹnu ara yín jẹ́rìí sí mi. Bí ojúlówó ò bá jọ olùsìn lójú, a jẹ́ pé ohunkóhun ni wọ́n lè gbé síbẹ̀. Òkúta kan, ife kan, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Kí wá ni ìlò ohun náà?

Ọmọ Awo Òkè Ìtasẹ̀

Kì í ṣe ohunkóhun o. Kò Tíì Dá Mi Lójú, o sáré jù.

Nílé tiwa, ère tí ikán bá jẹ, a máa gbẹ́ òmíràn. Èyí tí gbẹ́nàgbẹ́nà gbé wá láàárọ̀, igi ni. A ó fi ewé tó yẹ wẹ̀ ẹ́, a ó bọ ọ́, a ó pe orúkọ tó yẹ kó jẹ́, a ó sì gbé e síbi tí ti àtijọ́ wà. Láti ìgbà náà lọ ó ti di ti òrìṣà. Èyí tí ikán jẹ, a lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan kó máa rà lọ. Iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí òyìnbó fi ń rí ère gbà lọ́wọ́ àwọn kan láyé ọjọ́un láìjà: èyí tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ń gbé fún wọn nígbà mìíràn. (Kì í ṣe gbogbo ìgbà o! Wọ́n jalè púpọ̀.)

Ṣùgbọ́n ẹ wo ikin tí a fi ń dá Ifá. Ekùrọ́ ọ̀pẹ tó kàn wà nílẹ̀ kọ́ ni ikin. Ó gbọ́dọ̀ ní ojú mẹ́rin ó kéré tán. Bí ẹ bá kó olójú mẹ́ta wá fún mi, kó ti pẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́wọ́ bàbá yín, mi ò ní gbà á. Bí ẹ bá sì kó olójú mẹ́rin tí wọ́n ká ní àná wá, a ó wẹ̀ ẹ́, a ó tẹ̀ ẹ́, Ifá á sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ojúlówó wà lọ́dọ̀ wa. Pé ó pẹ́ kọ́ ni à ń wò. Ìran rẹ̀ là ń wò, àti ohun tí a ṣe sí i, àti ẹni tó ṣe é.

Àwọn tó ń ta ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ awo kàn fún àwọn tó ń tòkè òkun bọ̀ wá ṣọdún níbí, àwọn nìyẹn ló ń ta ayédèrú. Wọ́n sì mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n gbé ti àwọn oníjọ Àgùdà wá, torí ọ̀rọ̀ tiwọn ni ẹ̀gbọ́n wa yìí gbé dé.

Èyí tó lókìkí jù ni aṣọ ọ̀gbọ̀ kan ní ìlú Turin ní Ítálì. Ó gùn ju mítà mẹ́rin lọ, àwòrán ọkùnrin tí wọ́n nà tí wọ́n sì kàn mọ́gi hàn lára rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Wọ́n ní òun ni wọ́n fi wé òkú Jésù. Ní 1988, wọ́n gé bíńtín lára rẹ̀ fún ibi ìwádìí mẹ́ta, ọ̀kan ní Oxford, ọ̀kan ní Zurich, ọ̀kan ní Arizona. Àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ti pẹ́ tó, ní àárín 1260 sí 1390 ni wọ́n gbin òwú ọ̀gbọ̀ náà. Àwọn kan ṣì ń bá àyẹ̀wò yẹn jà, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti lẹ aṣọ náà ni wọ́n gé.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ kì í ṣe 1988. Ní 1389, nígbà tí aṣọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde ní abúlé Lirey ní ilẹ̀ Faransé, bíṣọ́ọ̀bù àdúgbò náà, Pierre d'Arcis, kọ̀wé pé ayédèrú ni, pé ẹni tó ṣaájú òun ti rí ayàwòrán tó yà á. Ẹsẹ̀ ènìyàn ti pọ̀ jù níbẹ̀, owó sì ń wọlé. Clement Keje, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní póòpù ní Avignon nígbà náà, kò ní kí wọ́n jó o. Ó ní kí wọ́n máa fi hàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa sọ fún àwọn ènìyàn pé àwòrán ìrántí ni, kì í ṣe aṣọ náà gan-an.

Lójú tèmi, ìdájọ́ yẹn dára ju ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ti sọ nípa aṣọ náà láti ìgbà yẹn. Ẹ jẹ́ kó wà. Ẹ wúre níwájú rẹ̀. Ẹ má kàn purọ́ nípa rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé àwọn ènìyàn ò fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn pẹ́.

Kò Tíì Dá Mi Lójú

Orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi ńkọ́? Amiens ní ilẹ̀ Faransé ní ọ̀dọ̀ àwọn ló wà. Róòmù ní ọ̀dọ̀ àwọn ni. Mọ́ṣáláṣí ńlá Damascus náà ní ọ̀dọ̀ àwọn ni. Orí mélòó ni ọkùnrin náà gbé wáyé?

Ìyá Ẹlẹ́kọ Lágere

Èyí pa mí lẹ́rìn-ín o 😂 Hẹ́rọ́dù gan-an ò bẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Alfa Sábó

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dárúkọ mọ́ṣáláṣí, mo ní láti dá sí i.

Òkúta Dúdú wà lára Kaaba ní Mẹ́kà, gbogbo ẹ mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Kálífà Umar dé iwájú rẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé òkúta ni, kò lè ṣe ẹnikẹ́ni lóore, kò sì lè pa ẹnikẹ́ni lára, pé bí kì í bá ṣe pé òun rí Ànábì tó fẹnu kò ó, òun ò ní fẹnu kò ó. Hádíìsì tó dájú ni. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: kò sọ pé agbára wà nínú òkúta. Ẹni tó rí tó ṣe é ló ń tẹ̀ lé.

Ní 930, àwọn ọmọ ogun Qarmati, ẹ̀ya kan tó yapa, ya wọ Mẹ́kà nígbà Haji, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n yọ òkúta náà gbé lọ sí ìlà-oòrùn Arébíà. Ó lé ní ogún ọdún kí wọ́n tó dá a padà. Ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ṣófo. Ìsìláàmù ò parí, àwọn ènìyàn ò sì yé kọjú sí Kaaba kírun. Èyí tó wà níbẹ̀ lónìí, ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, fàdákà ni wọ́n fi dè é pọ̀.

Nítorí náà ìdáhùn mi sí Ọmọ Ìlódè: ìgbàgbọ́ ò dúró lórí òkúta, irun, tàbí eegun. Ẹni tó bá gbé e lé wọn, ó ti ṣìnà kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Kò Tíì Dá Mi Lójú

Alfa, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ò ní fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní December 1963, irun kan tí wọ́n ní irùngbọ̀n Ànábì ni pòórá ní ojúbọ Hazratbal ní Srinagar, ní Kashmir. Ìlú dàrú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn bọ́ sí títì nínú òtútù, ilé ìtajà tì, rògbòdìyàn ràn dé ibi tó jìnnà. Ní ọjọ́ díẹ̀ wọ January 1964 ni ìjọba ní àwọn ti rí i. Àwọn ènìyàn ní irọ́ ni, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Ó di ìgbà tí wọ́n pe àwọn àgbà ẹlẹ́sìn pé kí wọ́n wá fojú ara wọn wò ó kí ìlú tó rọ̀.

Bí ojúlówó ò bá jẹ́ nǹkan kan, kí ni wọ́n pe àgbà wá wò?

Alfa Sábó

Ìbéèrè tó dára ni, mi ò ní yẹ̀ ẹ́.

Àkọ́kọ́, olè ni wọ́n ń bínú sí. Bí olè bá jí fọ́tò kan ṣoṣo tí bàbá rẹ tó ti kú yà, wàá pariwo. Wàá sì bi wọ́n bóyá òun ni wọ́n dá padà. Ìyẹn ò sọ pé inú fọ́tò ni bàbá rẹ ń gbé. Èkejì, wo ọ̀nà tí wọ́n gbà dá a mọ̀. Wọn ò gbé e lọ sí ibi ìwádìí. Àwọn tó ti ń rí i láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n pè. Ohun tí ìlú fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé èyí tí a fi sílẹ̀ ni èyí tí a bá. Pé ṣé ti Ànábì ni látilẹ̀ wá, kò sẹ́ni tó bi ìjọba léèrè ìyẹn.

Kò Tíì Dá Mi Lójú

Mo gba ìdajì.

Àgbà Mọ̀ọ̀rè

Ohun tí Alfa sọ yìí mú nǹkan kan wá sí mi lọ́kàn. Àwa Ifẹ̀ ní ọ̀nà méjèèjì láàárín ìlú kan náà.

Ní 1938, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, kò jìnnà sí ààfin. Ọkọ́ kan idẹ. Orí lẹ́yìn orí ni wọ́n ń hú jáde níbẹ̀, irú iṣẹ́ tó jẹ́ pé Frobenius tó rí ti Olókun ò gbà pé ènìyàn dúdú ló ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù dòní. Ojúlówó ni wọn, kò sẹ́ni tó ń jiyàn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ń bọ wọ́n? Ẹ lọ sí mùsíọ́mù ní Ẹnuwà kẹ́ ẹ lọ wò ó: wọ́n wà lẹ́yìn gíláàsì, àwọn ọmọ iléèwé ń tò kọjá, tíṣà ń sọ pé "ẹ má fọwọ́ kàn án." Kò sẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀. Orúkọ ẹni tí orí kọ̀ọ̀kan jẹ́ gan-an, ó ti sọnù mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ wá rìn dé Mọ̀pà, ẹ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Òkúta tó ga ju mítà márùn-ún lọ, ìṣó irin wà lára rẹ̀. Ó ti ṣẹ́ rí, wọ́n sì tún un tò. Ẹni tó bá fojú sí i dáadáa á rí ojú ibi tó ti ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè fi ìwé hàn pé ọwọ́ Ọ̀rànmíyàn ló gbé e kalẹ̀. Síbẹ̀ ẹ lọ gbé ìjókòó tì í níwájú àwọn tó ni ín kẹ́ ẹ rí ohun tí ojú yín máa rí.

Ojúlówó tí ẹnikẹ́ni ò bọ, àti èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́ ti ẹnu tí gbogbo ìlú ń ṣọ́. Kì í ṣe ibi ìwádìí ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìran tó ń gbà á lọ́wọ́ ìran ni. Ti Wúnmọníjẹ̀ ti já láàárín, ti Mọ̀pà ò já.

Ará Òkè-Oòyè (Iléṣà)

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Láti Iléṣà ni mo ti ń kà yín. Ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì ni mí, torí náà ẹ mọ ibi tí mo máa fì sí.

Bíbélì fúnra rẹ̀ ò yàgò fún ọ̀rọ̀ yìí. Òkú ọkùnrin kan kan eegun Èlíṣà, ó jí. Àwọn ènìyàn mú aṣọ ìnujú kúrò lára Pọ́ọ̀lù lọ bá aláìsàn, ara wọn yá. Ṣùgbọ́n ejò idẹ tí Mósè rọ, tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ní kó rọ, tí kò sí iyèméjì kankan pé ojúlówó ni, Hesekáyà fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ nígbà tí Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í sun tùràrí sí i. Ẹ rí i? Kì í ṣe torí pé ó jẹ́ ayédèrú ni wọ́n ṣe fọ́ ọ.

Níbí yìí ní 1930, nígbà ìsọjí Babalọlá ní Òkè-Oòyè, omi ni ogunlọ́gọ̀ ń gbé wá kí ó gbàdúrà sí. Omi Iléṣà ni. Kò sẹ́ni tó ní láti Jọ́dánì ni wọ́n ti pọn ọ́n. Ẹni tó mu ún tó sàn, kí ni yóò fi ojúlówó omi ṣe?

Ohun kan ṣoṣo ni ìgbàgbọ́ mi rọ̀ mọ́: pé Jésù jíǹde. Pọ́ọ̀lù ní bí kò bá jíǹde, asán ni ìgbàgbọ́ wa. Kò sọ pé bí aṣọ bá jẹ́ ayédèrú.

Kò Tíì Dá Mi Lójú

Ìyẹn ni mo ń dúró dè. Ẹ ti kó ẹrù náà kúrò lórí aṣọ, ẹ gbé e lé orí ibojì. Ibojì náà ò ha ń fẹ́ ẹ̀rí bí?

Ará Òkè-Oòyè (Iléṣà)

Ó ń fẹ́ ẹ. Mi ò sá fún un. Ẹlẹ́rìí ni mo gbà gbọ́, àwọn tó ní àwọn rí i, tí wọ́n sì kú lórí ọ̀rọ̀ náà. O lè ní o ò gba ẹ̀rí wọn. Ìyẹn jẹ́ àríyànjiyàn gidi, a lè jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kábọ́ọ̀nù ló máa parí ẹ̀. Ká tiẹ̀ sọ pé àyẹ̀wò ní aṣọ Turin ti wà láti ìgbà ayé Jésù, gbogbo ohun tó sọ ni pé wọ́n wé ẹnì kan. Kò lè sọ pé ẹni náà dìde.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn

Èyí lágbára. Àyẹ̀wò lè sọ pé "rárá", kò lè sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" délẹ̀délẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un kí n tó lọ sùn. Ní 1561, àwọn Potogí ní Goa ní ilẹ̀ Íńdíà kéde pé ọwọ́ àwọn ti tẹ eyín Búdà tí àwọn ará Ceylon (Sri Lanka òde òní) ń bọ. Ọba kan ní Pegu, ní ilẹ̀ Burma, fẹ́ fi owó rẹpẹtẹ rà á, bíṣọ́ọ̀bù àgbà kọ̀, wọ́n gún un lódó níwájú èrò, wọ́n jó o, wọ́n da eérú rẹ̀ sínú odò. Láìpẹ́, eyín náà tún wà ní Ceylon. Àwọn onísìn ibẹ̀ ní ayédèrú ni àwọn Potogí jó. Ó wà ní Kandy dòní, ọdún rẹ̀ ń kún fọ́fọ́.

Ìyá Ẹlẹ́kọ Lágere

Odó kẹ̀! Ṣé àgbo ni wọ́n fẹ́ gún ni?

Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo yín ti lọ jìnnà, ẹ ti fi ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìlódè sílẹ̀ pẹ̀lú èérún eegun. Ọmọ Ìlódè, kí ni Fadá sọ? Ó yẹ kẹ́ ẹ ti gbé e lọ bá Fadá kẹ́ ẹ tó gbé e wá bá wa.

Ọmọ Ìlódè

Ìyá wa, ẹ ṣé. A ti lọ.

Fadá ò tiẹ̀ wo eegun. Ó yí i dà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wò. Ó ní òwú pupa tẹ́ẹ́rẹ́ ló yẹ kó dè é láti inú, kí èdìdì ìda pupa sì wà lórí òwú náà pẹ̀lú àmì bíṣọ́ọ̀bù tàbí ẹgbẹ́ tó fi ránṣẹ́, kí ìwé kan sì tẹ̀ lé e tó sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Òwú wà. Èdìdì wà, ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀ ti já. Ìwé ò sí. Ó ní òun ò lè gbé irú ẹ̀ sórí pẹpẹ ìjọ, ṣùgbọ́n òun ò ní kí ó má gbàdúrà nílé. Ó ní ẹni mímọ́ tó ń bẹ̀ kò sí nínú idẹ yẹn, ọ̀run ló wà.

Lẹ́yìn náà ló wá bi í pé, "Ṣé wọ́n rà á ni?" Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Ẹni tó mú un wá rà á lóòótọ́. Fadá ní òfin ìjọ ò gbà kí ẹnikẹ́ni ta eegun ẹni mímọ́ rárá. Bó bá jẹ́ ayédèrú, gbájúẹ̀ ni wọ́n lù wọ́n. Bó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹni tó tà á dá. Ọ̀rọ̀ náà ò dáa lọ́nà méjèèjì!

Ohun tó bí ẹ̀gbọ́n mi nínú jù nìyẹn. Kò bínú pé ó lè jẹ́ adìyẹ mọ́. Ó ń bínú pé ẹnì kan jókòó síbì kan tó ń fi orúkọ ẹni mímọ́ pawó.

Ọmọ Awo Òkè Ìtasẹ̀

Ó jọ ti ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí mo sọ.

Àgbà Mọ̀ọ̀rè

Gbogbo ohun tí mo ti rí láyé, mi ò tíì rí ẹni tó fi ẹsìn sílẹ̀ torí pé ohun kan tó ń bọ jẹ́ ẹ̀dà. Àwọn tó fi sílẹ̀ tí mo mọ̀, irọ́ tí aṣáájú pa fún wọn ni wọ́n ń kà sílẹ̀.

Kò Tíì Dá Mi Lójú

Bàbá, mo fara mọ́ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lò ó délé. Bí irọ́ ló burú, kí ló yẹ kí wọ́n kọ sí abẹ́ orí Olókun bí wọ́n bá gbé e sójú àwọn ọmọ iléèwé? "Ojúlówó"? "Ẹ̀dà"? Torí ẹ̀yin náà ní àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò.

Àgbà Mọ̀ọ̀rè

Kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun tí Frobenius ṣe ní 1910, ohun tí wọ́n sọ ní 1949, ohun tí wọ́n sọ ní 2010, kí wọ́n sì kọ orúkọ Olókun sókè gàdàgbà, torí ìyẹn nìkan ni kò yí padà. Ọmọ iléèwé tó bá lè ka 1949 lè ka 2010.

Ọmọ Ìlódè

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kí yín, ó ti ka gbogbo rẹ̀. Ó ní ṣé ó ṣeé ṣe kí òun gba òwú àti èdìdì yẹn fi awò wò. Ìyá rẹ̀ ti gbà fún un, ṣùgbọ́n ó ní kò gbọdọ̀ ṣí gíláàsì.